Ọ̀rọ̀ Tí Tísà Kò Gbọdọ̀ Kà

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi títí ó fi sú mi, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ ibi tí mo ti ń bọ̀ tàbí ibi tí mò ń lọ. Ọkùnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi kò béèrè orúkọ mi fún odindi oṣù méjì. Bó bá pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, á ní ó jọ pé òjò máa rọ̀, á sì kọjá lọ. Ní Òsì, ìlú wa, kí o tó sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á ti mọ orúkọ ìyá tó bí ìyá rẹ, wọ́n á sì ti mọ ohun tó wà nínú ẹrù náà.

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n kórìíra mi ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn nìyẹn, wọ́n sì ń bu tèmi fún mi bíi ti ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó bá dàgbà láàárín àwọn èèyàn tiwa á mọ̀ pé irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kí èèyàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa dá sunkún. Mo sun ún dáadáa. Mi ò ní purọ́.

Ibi tí wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ìyá mi kò mọ̀wé. Lẹ́tà tí mo bá kọ, Tísà ló ń kà á fún un. Tísà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, èèyàn dáadáa sì ni. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ohùn tó fi ń ka Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi náà ló fi ń ka lẹ́tà, iwájú ilé rẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń kà á. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ á sọ igbá kalẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dé ìparí.

Nínú lẹ́tà mi àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì torí pé mi ò mọ ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ náà kò sì ṣàánú mi. Kí oṣù méjì tó pé, lẹ́tà mẹ́ta ti dé láti ọwọ́ àwọn tí mi ò kọ̀wé sí, gbogbo wọn ní kí n má sunkún nínú bọ́ọ̀sì mọ́. Ẹgbẹ́ akọrin tiẹ̀ fi kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́. Wọ́n kọrin sí i, wọ́n sì gbàdúrà níkẹyìn pé kí Ọlọ́run rọ ọkàn awakọ̀ náà.

Tẹlifóònù kò sàn jùyẹn lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin, wọ́n sì fa tẹlifóònù sí yàrá ìgbàlejò rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí ìyá mi wá síbẹ̀ lọ́jọ́ báyìí kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Tísà kà á sókè, èèyàn mọ́kànlá sì bá ìyá mi wá. Wọ́n háyà ọkọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló fẹ́ kí mi, mo sì kí wọn, mo béèrè ilé, mo béèrè oko, mo béèrè àwọn ọmọ. Ìyá mi rí ọ̀nà sọ "Ọmọ mi" lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíì sì ti gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ ẹ̀rín lásán ká ní mi ò ní ohun tí mò ń fi pamọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo wá kọ́. Ìyá mi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ wa, ìjọ ló gbàdúrà lé mi lórí, ìjọ ló sì sọ mí ní Nọ́ọ̀sì wa kí n tó fojú kan ọsibítù kankan. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ti di Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ó máa ń dáhùn sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọjọ́ kìíní tí wọ́n mú wa wọ yàrá àwọn aláìsàn, mo rí ẹ̀jẹ̀. Mi ò rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tí mo lajú, orí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni mo wà, aláìsàn náà sì ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ mi. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹta, wọ́n ti gbé àga sílẹ̀ dè mí. Mo fara dà á fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wa pè mí, ó fún mi ní tíì, ó sì sọ̀rọ̀ fún mi jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tu ọlọ́fọ̀ nínú. Ó ní èèyàn rere ni mí, ṣùgbọ́n kí n wá iṣẹ́ míì.

Iṣẹ́ tí mo rí wà ní iléeṣẹ́ adójútòfò kan, níbi tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà sí. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà kan lè gba yàrá tó tóbi ju ilé bàbá mi lọ. Mo kọ́kọ́ ń nu eruku, mo tẹ̀ síwájú sí gbígbé téèpù, àwọn téèpù ńláńlá tó rí roboto bí àwo ìjẹun. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà débi pé ojú tì mí. Kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ̀jẹ̀. Bó bá ṣàìsàn, o lè pa á, kí o tún tàn án, kò sì sẹ́ni tó máa sunkún.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Dórínì. Ó jù mí lọ dáadáa, kò sì jẹ́ kí n pè é ní ohunkóhun ju Dórínì lọ, nítorí náà mo máa ń pe Àǹtí sínú kí n tó pe Dórínì síta. Òun ló kọ́ mi pé oníkálukú tó ń lo ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí yóò tẹ̀ sí i kó tó ṣí fún un, àti pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi. Mo ní mo ti gbọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Hárì, tó jókòó tì mí, ní ẹ̀rọ kò ṣí fún òun, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ tèmi. Irun Hárì funfun bíi òwú. Ó tó bàbá tó bí mi. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bi ọmọ Òsì ní nǹkan, ṣé ó máa wo ojú rẹ̀ kó ní òun ò ní sọ ni? Mo sọ fún un, mo tiẹ̀ tẹ orúnkún díẹ̀. Kó tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, Hárì ti fi orúkọ mi kọ àdírẹ́sì àwọn oníbàárà sódì, lẹ́tà ọkọ ń lọ sílé ìyàwó ẹlòmíì. Nígbà tí wọ́n wo inú ẹ̀rọ, orúkọ mi ni wọ́n bá níbẹ̀.

Dórínì kò pariwo. Ó ní, "Ẹni tí o bá fún ní ọ̀rọ̀ rẹ, o ti sọ ọ́ di ìwọ. Ohun tó bá ṣe, ìwọ lo ṣe é." Mo ní àgbàlagbà ni. Ó wò mí títí, ó sì ní òun kò mọ ohun tí ọjọ́ orí Hárì ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, kò yé e. Mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ọjọ́ yẹn náà ló mú mi lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi téèpù ránṣẹ́ sí ẹ̀ka wa tó wà ní ìlú míì. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ inú téèpù rú, débi pé ẹni tó bá jí i yóò kàn rí lẹ́tà jágbajàgba. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè tò ó padà, ọ̀rọ̀ yẹn kì í sì bá téèpù wọ ọkọ̀ kan náà. Téèpù á gba ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á gba ọ̀nà tirẹ̀, àwọn méjèèjì á pàdé lọ́hùn-ún. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀. Àpótí tí ìjọ wa ń kó ife oúnjẹ alẹ́ Olúwa sí ní agádágodo méjì, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan wà lọ́wọ́ baba ìjọ, ti èkejì wà lọ́wọ́ ìyá mi, ẹnì kan kò sì lè dá a ṣí. Dórínì ní kí n sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ wà fún un ní iléeṣẹ́ wa.

Mi ò tíì ronú àtilo ẹ̀kọ́ náà fún ara mi títí tí mo fi pàdé Bọ̀dá Ìlọ́fà. Ará Ìlọ́fà, nítòsí Òsì, ni, ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdọọdún ló sì ń lọ sílé fún Kérésìmesì. Ó rí mi níwájú iléeṣẹ́ wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní ṣé ọsibítù ti kó wá síbẹ̀ ni. Mi ò mọ irọ́ pa dáadáa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó kẹ́dùn, ó ní kí n má ṣèyọnu. Kì í ṣe èèyàn búburú rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu Bọ̀dá Ìlọ́fà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Tó bá dé ilé ní oṣù Kejìlá, ìròyìn mi máa ṣáájú àpótí rẹ̀ dé Òsì.

Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe ti ìtìjú tèmi. Òtítọ́ máa jáde lọ́jọ́ kan, mo mọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ìyá mi dúró láàárín ìjọ, kí wọ́n pè é ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, kí ẹlòmíì sì rẹ́rìn-ín, kó wá jẹ́ pé láti ara ẹ̀rín yẹn ló ti máa mọ̀. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kó gbọ́ ọ lóun nìkan, kó lè rí àyè jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá. Ó sì jọ pé kò sí ọ̀nà kan ní gbogbo ayé tí kò gba iwájú ilé Tísà kọjá.

Nígbà náà ni mo rántí téèpù. Màmá kan láti Kóro wá tọ́jú ọmọ tuntun ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń padà lọ nínú oṣù Kẹsàn-án. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní kó bá mi jíṣẹ́ kan fún ìyá mi, létí nìkan. Kó sọ fún un pé bí mo bá kí bàbá kan ní Èrúkù nínú lẹ́tà mi tó ń bọ̀, kó má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó ka iye ọmọ tí mo ní bàbá náà bí. Iye ọmọ yẹn ló máa sọ Sátidé kelòó nínú oṣù Kọkànlá tó gbọ́dọ̀ dá lọ sí Ìlọrin, lọ́sàn-án gangan, màá pè é. Màmá Kóro tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Kò béèrè ìdí, kò sì mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́. Ẹ ò rí i pé mo ti gbọ́n: Màmá Kóro mọ ìtumọ̀, kò mọ iye, Tísà máa ka iye, kò mọ ìtumọ̀.

Mo wá jókòó kọ lẹ́tà. Mo kí gbogbo Òsì, mo sì fi kún un pé, "Ẹ bá mi kí Bàbá Sámúẹ́lì ní Èrúkù, àti àwọn ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Mi ò mọ Bàbá Sámúẹ́lì kankan ní Èrúkù. Mo kàn hùmọ̀ orúkọ náà ni. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìjọ, mo hùmọ̀ Sámúẹ́lì, ní ilẹ̀ wa níbi tí èèyàn kò ti lè sọ òkò kó má ba bàbá Sámúẹ́lì kan.

Lẹ́tà ìyá mi dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Sátidé kẹrin, Tísà ló bá a kọ ọ́. Bàbá Sámúẹ́lì wà. Wọ́n jíṣẹ́ ìkíni mi fún un lọ́jọ́ ọjà, ó sì ya òun àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, torí pé ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Wọ́n rò ó títí. Ìyàwó rẹ̀ ló rí ojútùú rẹ̀: méjì nínú àwọn ọmọ náà ti ṣègbéyàwó. Mẹ́rin ló kù nílé. Ọmọbìnrin tó wà lókè òkun, tó mọ iye tí kò tíì ṣègbéyàwó nínú ilé kan, tó sì kí wọn ní gbangba nínú lẹ́tà, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Sámúẹ́lì fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ó tó ẹni tí ń gbéyàwó. Wọ́n ru ogún iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo kan wá kí ìyá mi. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, Tísà kọ ọ́ pé, "Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun pa ẹnu òun mọ́ bí wọ́n ṣe ní kí òun ṣe. Ó gún iyán fún wọn."

Mo rẹ́rìn-ín títí Dórínì fi wá wo ohun tó ń ṣe mí. Lẹ́yìn náà ni mo tún lẹ́tà náà kà. Ìyá mi kò lè sọ fún wọn pé àmì lásán ni orúkọ náà, torí wọ́n máa béèrè àmì kí ni. Ó kàn ń gba iṣu.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Dórínì ní kí n wá pè láti ilé òun. Ó gbé tíì sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Mo bẹ àwọn tó ń so tẹlifóònù pọ̀ lórí wáyà kí wọ́n so mí mọ́ Ìlọrin, ó sì pẹ́ kó tó wọlé. Ohùn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ti Tísà, ó ń fi òyìnbó kí ẹni yòówù tó wà níbẹ̀. Ó bá ìyá mi wá kí òyìnbó orí wáyà má baà rẹ́ ẹ jẹ. Ohùn kejì ni ti obìnrin kan tí mi ò mọ̀, ó ń pè mí ní ìyàwó wa. Ìyá Sámúẹ́lì ni. Ó gbọ́ pé ìyá mi ń lọ sí Ìlọrin, ó ní kò dára kó dá rin ìrìn náà. Mo kí i, mo béèrè ilé, mo béèrè oko. Mi ò béèrè àwọn ọmọ.

Ìyá mi wá gba tẹlifóònù. Ó ní, "Èèyàn kún ulé yìí o, ọmọ mi." Ohùn ilé wa gan-an ni, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Òsì, kò fi òyìnbó tàbí ohùn ará Ìlọrin lú u. Mo ní mo gbọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ, kò sí èyí tí mo lè sọ níwájú wọn.

Òun ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo rán ọ lódò pé kí o pọnmi wá, tí o ru ugi bọ̀?"

Mo rántí. Mi ò ju ọmọ ọdún méje lọ. Ìkòkò omi náà wúwo jù fún mi, mo da omi rẹ̀ nù ní ìdajì ọ̀nà, mo rí igi tó ti gbẹ lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì rù ú, kí n má baà wọlé lọ́wọ́ òfo. Mo sunkún títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa torí mo mọ̀ pé wọ́n máa nà mí.

Mo ní, "Mo rántí, Yèyé mi."

"Ṣé mo nà ọ́?"

"Ẹ ò nà mí."

"Kí ni mo ṣe?"

Mo ní, "Ẹ fi igi náà dáná."

"Mo fi dáná. A sì jẹun." Ó tún béèrè pé, "Ugi tó o rù báyìí, ṣé ó gbẹ?"

Mo ní, "Ó gbẹ, Yèyé mi. Ó ń jó dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Ó ní, "Ó ti tán." Mo gbọ́ tí Ìyá Sámúẹ́lì ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé ṣé igi ni wọ́n ṣì fi ń dáná lókè òkun ni, Tísà sì ń ṣàlàyé fún un pé òtútù ibẹ̀ ló fà á. Lẹ́yìn náà ni wáyà já.

Dórínì wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún tí mo sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Ó béèrè bóyá mo rí ọ̀nà sọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà fún ìyá mi. Mo ní ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó pè.

Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Nígbà tí mo padà lọ sílé lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, mo bi ìyá mi bó ṣe mọ̀. Ó ní lẹ́yìn oṣù kẹta, kò tún sí aláìsàn kankan nínú àwọn lẹ́tà mi. Nọ́ọ̀sì tí kò dárúkọ aláìsàn kan fún odindi ọdún kan, ó ní nọ́ọ̀sì kí nìyẹn? Tísà ló ka gbogbo lẹ́tà yẹn, ó kà wọ́n sókè, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ wọn. Òun nìkan ló gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ti gbé láàárín àwọn èèyàn tí wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, mo sì ti gbé láàárín àwọn tó ń béèrè gbogbo nǹkan. Mi ò mọ èyí tó sàn jù. Ẹni tó mọ̀ láìbéèrè ni àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Bọ̀dá Ìlọ́fà padà dé nínú oṣù Kìíní. Ó wá sí yàrá mi, inú rẹ̀ kò dùn tó. Ó ní ọjọ́ Sátidé lòun dé, òun sì ní kí òun rọra sinmi kí òun tó yọjú sí Òsì. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi ti dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìdúpẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ìyá Sámúẹ́lì wà níbẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ wá láti Èrúkù. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń retí, wọn ò sì tún sọ̀rọ̀ ìyàwó lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó béèrè iṣu padà, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán.

Mo bi í ohun tí ìyá mi sọ. Bọ̀dá dìde láàárín yàrá mi, ó so ọwọ́ pọ̀ níwájú bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, ó sì sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìjọ gẹ́lẹ́: "Ẹ̀yin ará, ọmọ mi kì í ṣe nọ́ọ̀sì mọ́. Uṣẹ́ míì ló ń ṣe, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ ọ́ fún yín bí ìròyìn, kí ẹ sọ fún un pé èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́."